100G láti Ìkẹjà dé VI: ṣé ER4 ni kí n rà àbí ZR4?

OmoOregun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dá awuyewuye sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ọ̀gá wa tó lọ fi owó dọ́là ra ohun tí ò ní ṣiṣẹ́. ISP kékeré (ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì) ni wá, ráútà ńlá wa wà ní dátà sẹ́ńtà kan ní Ìkẹjà, a sì ní POP (ibi tí a ti ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ́sítọ́mà) ní Victoria Island (VI) níbi tí àwọn kọ́sítọ́mà wa tó ń sanwó gidi wà. 10G (gígábíìtì mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ló so ibi méjèèjì pọ̀ báyìí, tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ báyìí ó ti kún dẹ́nu nìyẹn, gbogbo èèyàn á wá máa pè wá pé fídíò àwọn ń dúró. A ti yá dark fibre (fáíbà lásán tí ẹni tó ni ín ò gbé iná sí), core (okùn dígí) méjì, lọ́wọ́ àwọn kan, a fẹ́ gbé 100G lé e lórí. Ráútà méjèèjì ní pọ́ọ̀tù QSFP28 (ihò tí wọ́n ń ki mọ́dù bọ̀, èyí tó ń fi iná lésà gbé dátà gba inú fáíbà) tó ṣófo.

Ibi tí ìjà ti wá nìyí o. Lójú títì, Ìkẹjà sí VI ò ju bíi kìlómítà 25 lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn tó ni fáíbà fún wa ní 38.4 km ni, lọ́ọ̀sì ẹ̀ (iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà) 10.9 dB. Ọ̀gá wa ní ká ra mọ́dù ER4-Lite, torí wọ́n kọ 40 km sí i lára, 38 ò sì tíì tó 40, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ń tajà fún wa ní Computer Village náà ní "40 ni 40". Èmi ń wò ó pé ṣé kì í ṣe ZR4 tí wọ́n kọ 80 km sí ló yẹ ká rà, ẹlòmíì ní ọ́fíìsì tún ní ká kúkú lọ sórí 400G lẹ́ẹ̀kan náà ká sinmi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, torí tí link ò bá gbéra èmi ni wọ́n máa dá lẹ́bi.

Baba_Splice:

Àbúrò, fi km yẹn sílẹ̀ ná. Iná ò mọ km, lọ́ọ̀sì ló mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ ni pé, 10.9 dB yẹn, iná wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, 1310 àbí 1550 nm (àwọ̀ iná nìyẹn)? Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé 1550 ni, torí òun ni àwọn ọmọ tó ń gbé OTDR (maṣíìnì tó ń wọn fáíbà) kiri Èkó fẹ́ràn láti wọ̀n, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń dùn ún wò.

Ọ̀pọ̀ fáíbà tó wà nínú ilẹ̀ níbí, irú tí wọ́n ń pè ní G.652D ni. Lórí 1550 ó máa ń jẹ bíi 0.2 dB ní kìlómítà kan, ṣùgbọ́n lórí 1310, bíi 0.35 ni. Bẹ́ẹ̀ LR4 (èyí tí kì í rìn jìnnà tó ER4) o, ER4 o, ER4-Lite o, ZR4 o, gbogbo wọn pátá, àdúgbò 1310 ni wọ́n ń gbé: iná mẹ́rin ni, láti 1295 dé 1309 nm, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 25G. Ìwé tí wọ́n fún yín, iná tí mọ́dù yín ò ní lò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó dáa, bá mi ṣírò ẹ̀: ìyàtọ̀ 0.15 lọ́nà 38.4, ó lé ní 5.7. Fi kún 10.9, o ti wà ní 16.6 kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

ER4 gidi, bí IEEE (àwọn tó ń ṣe ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ṣe kọ ọ́ ní 2010, 18 dB ni wọ́n fún un fún 40 km, àwọn gan-an sì sọ pé tó bá ti kọjá 30 km, fáíbà tí wọ́n mójú tó dáadáa ló máa gbà á, kì í ṣe fáíbà èyí-tó-bá-ṣá-ti-rí. Yọ 16.6 kúrò nínú 18, 1.4 ló kù sí ẹ lọ́wọ́. Ní Èkó yìí! Níbi tí katapílà ti ń gbẹ́ gọ́tà láàárọ̀ tí àwọn tó ń ri páìpù omi tún ń bọ̀ lálẹ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gé e, ojú splice (ibi tí wọ́n ti jó fáíbà méjì pọ̀) méjì ló ń wọlé, torí wọ́n á gbé okùn tuntun sí àárín ni. Splice tó dáa ò tó 0.1. Ṣùgbọ́n splice aago méjì òru, òjò ń rọ̀, ọmọ kan di agboòrùn mú lórí maṣíìnì, èkejì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́nu, maṣíìnì yẹn ń fi 0.3 hàn, ọ̀gá sì ń pe fóònù pé "ṣé link ti padà ni?", ta ló máa já a kó tún un jó? Wọ́n á fi sleeve bò ó ni, wọ́n á tì í báyẹn sínú àpótí rẹ̀, ó di tìẹ nìyẹn. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, 1.4 yẹn ti di ìtàn.

ER4-Lite tí ọ̀gá yín ń sọ tún wá burú díẹ̀ sí i, láìsí FEC (ohun tó ń tún àṣìṣe bit ṣe) 30 km ló mọ, ìgbà tí o bá tan FEC ló tó lè bá ẹ dé 40. Ní kí wọ́n lọ wọn 1310 wá, kí wọ́n sì fi light source àti power meter wọ̀n ọ́n láti orí dé orí, kì í ṣe OTDR nìkan. Kó o tó gbà á lọ́wọ́ wọn, wo déètì tó wà lórí ìwé náà, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ri fáíbà fún kọ́sítọ́mà tuntun.

IyaIbeji_NOC:

Bàbá ti là á mọ́lẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ ráútà lèmi fẹ́ fi kún un, torí ẹ̀yin fáíbà, tí iná bá ti dé ẹnu pátákó ẹ ti ń kó irinṣẹ́ yín lọ sílé, àwa la máa jókòó tì í.

OmoOregun, kó o tó ra ZR4 lọ wo ìwé ráútà yín, kó o wo iye watt tí pọ́ọ̀tù QSFP28 yẹn lè gbé. LR4 máa ń jẹ bíi 3.5W, ọ̀pọ̀ ráútà àtijọ́ ò sì rò ju ìyẹn lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n. ZR4 lè jẹ tó 6W tàbí kó lé. Àwọn ráútà kan wà tó jẹ́ pé pọ́ọ̀tù díẹ̀ nínú wọn ló lè gbé mọ́dù tó ń jẹun tó bẹ́ẹ̀, èyí tó kù, tó o bá kì í bọ̀ ọ́ wọn á kọ ọ́, wọn ò tiẹ̀ ní tan lésà ẹ̀. Ẹ má wá gbé mọ́dù bẹ́ẹ̀ méjì ti ara wọn o, ẹ fi àyè sí àárín.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Dátà sẹ́ńtà Ìkẹjà yẹn ò níṣòro, ṣùgbọ́n POP yín ní VI, ẹ̀yin lẹ mọ bí AC ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí dísù sì ti fẹ́ tán nínú jẹnẹrétọ̀. Mọ́dù tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ooru, 70°C ara ẹ̀ ni òpin. Ẹ ní kí monitoring máa ka temperature ẹ̀, kó máa pariwo kó tó débẹ̀.

Tún sọ fún ẹni tó máa ṣe config pé ER4-Lite àti ZR4, RS-FEC (irú FEC tí wọ́n ń lò) gbọ́dọ̀ wà ní títàn ní ọwọ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló tan án, ẹ máa rí iná tó mọ́lẹ̀ rekete nínú DOM (ibi tí mọ́dù ti ń sọ bí iná ẹ̀ ṣe rí), gbogbo nọ́ńbà á dára, link á sì wà ní down, ẹ ó wá máa gbé ọkọ̀ gba orí Third Mainland lọ nu kọ́nẹ́kítọ̀ tí ò dọ̀tí.

Nígbà tó bá sì ti gbéra, má kàn wo "up" kó o lọ sùn. Lane mẹ́rin (iná mẹ́rin tí Bàbá sọ) ló wà nínú ẹ̀, wo Rx (iná tó ń wọlé) ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ wálẹ̀ pa pọ̀, ọ̀rọ̀ fáíbà nìyẹn, pe Baba_Splice. Tó bá jẹ́ lane kan ṣoṣo ló ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí àwọn yòókù dúró, lésà inú mọ́dù ló ń darúgbó, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ gbẹ́ ilẹ̀ kankan.

EkoPackets:

Ẹ̀yin àgbà ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo fẹ́ yapa díẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ má bínú sí mi.

Ìdí tí gbogbo àwọn mọ́dù tí Bàbá dárúkọ fi há sórí 1310 ni pé iná tó ń ṣẹ́jú ní 25G kì í fẹ́ dispersion (kí iná máa tàn ká bó ṣe ń rìn), lórí G.652 dispersion sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo ní àdúgbò 1310, ṣùgbọ́n ní 1550 ó jẹ́ bíi 17 ps/nm ní kìlómítà kan, tó o bá rìn 38 km pẹ̀lú ẹ̀ àwọn bit á ti wọnú ara wọn tán. Ẹ̀yin wá ń san lọ́ọ̀sì tó pọ̀ torí kẹ́ ẹ lè sá fún dispersion. Coherent (irú mọ́dù míì) ò ní wàhálà yẹn. DSP (ṣípù tó ń ṣírò) wà nínú ẹ̀ tó ń tú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn, tó ń lo polarization méjèèjì àti phase iná, torí náà ó lè gbé ara ẹ̀ sórí 1550 níbi tí lọ́ọ̀sì ti kéré, 10.9 tí wọ́n kọ fún un yẹn á sì wá di nọ́ńbà gidi. 100G-ZR coherent ti wà nínú QSFP28 báyìí, á wọ pọ́ọ̀tù tó ní, ó sì lè yí àwọ̀ iná ẹ̀ sí èyí tó bá wù ú nínú C-band (àdúgbò 1550). Lọ́la tó bá fẹ́ 100G ìkejì, á kàn ra mux (ohun tó ń kó iná oríṣiríṣi sórí fáíbà kan), á gbé e sórí core méjì yẹn náà, kò ní lọ yá òmíì.

400ZR (coherent ti 400G) tí ẹni yẹn sọ ní ọ́fíìsì yín náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. OIF, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fáíbà, gbé ìlànà ẹ̀ jáde ní 2020, 120 km ni wọ́n rò fún un, ní àárín dátà sẹ́ńtà sí dátà sẹ́ńtà bíi tiyín yìí gan-an. Okùn abẹ́ òkun Equiano ti gúnlẹ̀ sí Èkó láti 2022, MainOne ti wà níbẹ̀ láti 2010, omi íntánẹ́ẹ̀tì ò wọ́n létíkun mọ́. Àárín Island sí mainland ni ọ̀nà ọ̀fun ti fún.

Baba_Splice:

EkoPackets, mi ò bínú, òótọ́ pọ̀ nínú ohun tó o sọ, pàápàá 100G-ZR yẹn, tí owó bá wà mi ò ní tako ó. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ tán fún ọmọ náà. 120 km tí 400ZR ń rìn yẹn, amplifier (ohun tó ń fi kún agbára iná) ló ń gbé e rìn. Láìsí amplifier, bíi 11 dB ni OIF fún un. Fáíbà ẹ̀ jẹ́ 10.9. Ó ku 0.1! Ẹni tó bá fà patch cord lójijì ti jẹ ẹ́ tán. Ká wá fi mux tó o ń sọ sí i, bíi 5 dB ní orí kan, 5 ní orí kejì, ó ti kọjá 20, ó di dandan kí amplifier dé, amplifier tún fẹ́ àyè nínú rack, ó fẹ́ iná, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣètò. Àwọn ZR+ kan wà o tó ń tan iná tó 0 dBm (ó le ju ti 400ZR lásán lọ), ìyẹn lè bá a dé láìsí amplifier, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù QSFP-DD ni wọ́n fẹ́, ọmọ náà sì ti ní QSFP28 ló wà lára ráútà òun. Ṣé kó lọ ra ráútà tuntun méjì torí pé 10G kún ni?

Ẹni tó ń lo 10G lónìí, 100G á tó o jẹ fún sáà kan dáadáa. ZR4 ni mo dìbò fún. Ọ̀pọ̀ datasheet ló ń fún un ní nǹkan bíi 28 sí 30 dB tí FEC bá wà ní títàn, o ní 16 tàbí 17, kí katapílà máa gé e lọ.

AlabaOptics:

Èmi tó ń ta á nìyí o, ẹ jẹ́ n dá sí i kẹ́ ẹ tó ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ 😂

Ẹni tó sọ pé 40 ni 40 yẹn ò purọ́, kò kàn bi ẹ́ ní ìbéèrè ni. Àwa tá a mọ̀ ọ́n tà, lọ́ọ̀sì la kọ́kọ́ ń béèrè. Àmọ́ àwọn ọmọ kan wà lọ́jà tó ń gba LR4, wọ́n á tẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun lé e, wọ́n á tún kọ orúkọ ER4 sínú EEPROM (ìrántí inú mọ́dù) ẹ̀, tó o bá kì í bọ ráútà, ráútà gan-an á sọ fún ẹ pé ER4 ni. Má gba lébẹ́ẹ̀lì gbọ́, má gba ráútà gbọ́. Ohun tí wàá ṣe ni pé kó o so méjèèjì sára wọn níwájú ẹni tó tà á, kó o fi attenuator (ohun tó ń dín iná kù) 15 dB sí àárín. LR4, 6.3 dB ni wọ́n ṣe é fún, kò lè mí, link á kú. ER4 gidi á dúró. Ẹni tó bá sọ pé òun ò gbà kó o dán an wò, máa lọ jàre.

Coding (ohun tí wọ́n ń kọ sínú EEPROM) náà ńkọ́? Sọ orúkọ ráútà fún ẹni tó ń tà á kó tó gbé e jáde. Cisco, Juniper, Huawei, oníkálukú ló ní ohun tó fẹ́ rí nínú EEPROM kó tó gbà. Cisco kan wà tó máa gbà á tó o bá tẹ service unsupported-transceiver, ṣùgbọ́n má fi ìyẹn ṣe pílánù, ní kí wọ́n code ẹ̀ dáadáa. Tí ráútà yín ní ọ̀tún àti òsì bá jẹ́ oríṣi méjì, coding méjì nìyẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí, wọ́n á wá padà wá bínú sí wa.

OmoOregun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n Baba_Splice, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n o, 1550 ni! Mo ní kí wọ́n lọ wọn 1310, wọ́n kọ́kọ́ ń fà á, pé ohun tí gbogbo èèyàn ń gbà nìyẹn, ìgbà tí ọ̀gá wa ní òun ò ní san owó tó kù ni wọ́n lọ. 17.9 dB ni wọ́n gbé wá fún core kìíní, 16.8 fún ìkejì. Ọ̀gá wa wo 17.9 yẹn, ó ní "ṣebí ó ṣì wà lábẹ́ 18". Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ohun tí ò yé mi ni pé kí ló dé tí core méjì tó wà nínú okùn kan náà fi yàtọ̀ tó báyẹn? Lórí àwòrán OTDR ti core kìíní, nǹkan kan ga sókè gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ VI.

Baba_Splice:

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tó sì ga sókè? Kì í ṣe inú ilẹ̀ nìyẹn, inú yàrá yín ni. Splice kì í tàn padà, kọ́nẹ́kítọ̀ ló ń tàn padà. Lọ ṣí ODF (àpótí tí fáíbà ti parí sínú yàrá) yẹn kó o wo àwọ̀ orí kọ́nẹ́kítọ̀. Búlúù ni UPC, orí ẹ̀ tẹ́jú. Aláwọ̀ ewé ni APC, wọ́n gé orí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ti ki búlúù bọ inú aláwọ̀ ewé níbẹ̀, méjèèjì ò pàdé, afẹ́fẹ́ wà láàárín, ohun tó ń jẹ 1.1 dB ẹ nìyẹn. Tí àwọ̀ bá sì bára mu, ìdọ̀tí ni. Má fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún o, mo mọ̀ yín. Ra kílínà ìtẹ̀ kan yẹn, tí ò wọ́n, kó o sì fi scope wo ojú ẹ̀ kó o tó dá a padà. Core kìíní yẹn á wá bá èkejì dọ́gba.

Ọ̀gá yín ńkọ́, ní kó bá mi sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e lójú Ìkòròdú Road. 17.9 nínú 18, ó ti ná an tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

IyaIbeji_NOC:

OmoOregun, ẹ ra ZR4, ẹ ra mẹ́ta, kì í ṣe méjì, èyí kẹta á wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Ìkẹjà, torí ọjọ́ tó máa kú, ọjọ́ Sunday ni, Alába ti tì.

Tí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ má fi patch cord mítà kan so méjèèjì o. Iná ZR4 le, ojú tó ń gba iná náà sì rọ̀, torí 80 km ni wọ́n ṣe é fún, ẹ lè fọ́ ọ lójú lẹ́ẹ̀kan náà, wárántì ò sì ní san án. Attenuator 15 dB tí AlabaOptics sọ yẹn, ẹ ra méjì, ọ̀kan fún Tx (iná tó ń jáde), ọ̀kan fún Rx, kí wọ́n jẹ́ LC/UPC (kọ́nẹ́kítọ̀ kékeré, orí búlúù). Kí ẹ tó tan ráútà ni kẹ́ ẹ ti so ó.

AlabaOptics:

Mo ní attenuator yẹn nílẹ̀, LC/UPC. ZR4 ni mo máa bá ẹ wá, fi irú ráútà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi ní inbox kí n mọ coding tí wọ́n máa kọ sí i.